Eku mẹ́ta, ihò kan

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o wà ní ọdún kẹta nínú ẹ̀kọ́ físíìsì, lésà, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n kó jọ sójú ọ̀nà tóóró kan, ló wù ọ́ jù. O mọ kóòdù kọ débi pé o ti ṣe géèmù ìṣirò fún àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yín, o sì ń ya fídíò ìgbéyàwó lópin ọ̀sẹ̀ kí o lè rówó ilé san. Bàbá rẹ wá ní ẹni tó bá ń lé eku méjì á pòfo, ká má tíì sọ ẹni tó ń lé mẹ́ta. O fẹ́ kí àwa tí a ti gba ọ̀nà náà kọjá sọ èyí tí wàá jù nù fún ọ.

Mi ò ní ní kí o ju ọ̀kankan nù. Àmọ́ bàbá rẹ ò parọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi lé eku mẹ́ta, ọwọ́ òfo ni mo ń gbé wálé.

Físíìsì lèmi náà kà. Lésà kan ṣoṣo ló wà ní láábù wa, onígáàsì helium àti neon, èyí tí ìmọ́lẹ̀ pupa rẹ̀ jẹ́ nanomita 632.8 (nanomita ni a fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀). Nígbà tí mo jáde, mi ò rẹ́ni tó ń wá onímọ̀ lésà síṣẹ́. Ibi tí mo ti wá rí lésà tó ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, Ṣómólú ni, láàárín àwọn onítẹ̀wé, níbi tí wọ́n ti ń gé pákó àti akirílíìkì, tí wọ́n ń fín orúkọ sára àwo ìdánilọ́lá. Lésà CO2 ni wọ́n ń lò, èyí tó ń fi gáàsì carbon dioxide ṣiṣẹ́, irú èyí tí Kumar Patel kọ́kọ́ ṣe ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1964. Wọ́n mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Ìgbà tó bá daṣẹ́ sílẹ̀ ni kì í sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣe é.

Bí mo ṣe di alátùn-únṣe nìyẹn. Túùbù onígíláàsì ló ń mú iná lésà náà wá, jígí mẹ́ta á máa gbé e fúnra wọn, lẹ́ǹsì á wá kó o jọ sójú kan. Bá a ṣe ń to jígí rèé: wàá lẹ táàpù bébà mọ́ iwájú jígí, wàá tẹ bọ́tìnnì fẹ́ẹ́rẹ́, iná á jó àmì dúdú kékeré sára táàpù. Wàá sún orí ẹ̀rọ mọ́ tòsí, wàá tẹ̀ ẹ́, wàá sún un lọ sí ìpẹ̀kun, wàá tún tẹ̀ ẹ́. Bí àmì méjèèjì ò bá bọ́ sójú kan náà, wàá yí ìdè ẹ̀yìn jígí díẹ̀, wàá tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ túùbù tí wọ́n ní ó ti kú ni kò kú rárá, jígí ló yẹ̀ tàbí kí èéfín ti bo lẹ́ǹsì. Èyí tó bá kú lóòótọ́, omi ló sábà máa ń pa á. NEPA á mú iná, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n á sì gbàgbé láti tan pọ́ǹpù omi tó ń tu túùbù lára. Kí wọ́n tó mọ̀, gíláàsì ti sán.

Nígbà tó rẹ̀ mí láti máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ogún ènìyàn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò. Ibẹ̀ ni mo ti jìn sí kòtò.

Iná CO2 jẹ́ nanomita 10,600. Ojú ò rí i, kámẹ́rà náà ò rí i. (Kì í ṣe bíi ti rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n: bí o bá kọjú ìyẹn sí kámẹ́rà iwájú ọ̀pọ̀ fóònù, tí o tẹ̀ ẹ́, wàá rí i tó ń ṣẹ́jú.) Torí náà, ohun tó hàn nínú fídíò mi kò ju pákó tó kàn ń jó fúnra ẹ̀. Ó dà bí idán, kò wù mí. Mo bá fi kọ̀ǹpútà fa ìlà pupa gbòò láti jígí dé orí pákó. Ó rẹwà! Àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn.

Kò pé oṣù kan tí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kan fi pè mí. Ọmọṣẹ́ ẹ̀ ti kọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ láti tún pákó gbé nígbà tí iná ṣì ń lọ, ó sì ti jóná ní ìka. Mo lọ kí ọmọṣẹ́ náà. Kò bínú, ó kàn ń wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nínú fídíò yín, tí iná bá ń lọ, ó máa ń pupa."

Mi ò rí èsì fọ̀. Èmi tí mo mọ̀ pé kò ṣeé fojú rí ni mo kùn ún ní pupa.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pa fídíò náà rẹ́. Nínú àwọn tí mo ń ṣe báyìí, ìlà tí kò so pọ̀ ni mo máa ń fà, ọ̀rọ̀ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé ojú kò rí èyí. Ọjọ́ yẹn náà ni mo mọ̀ pé eku mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé ihò kan: ohun tí ojú ò rí ni mo ń tà, ìbáà jẹ́ jígí ni mo ń tò, kóòdù ni mo ń kọ tàbí àwòrán ni mo ń yà. Bí mi ò bá mọ lésà tinútẹ̀yìn, irọ́ ni àwọn méjì yòókù á máa pa fún mi, irọ́ tó sì rẹwà ni.

Ti sọ́fítíwià, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Flash, ètò kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ Adobe tí wọ́n fi ń ṣe eré, ni mo fi kọ èyí àkọ́kọ́, fún àwọn ilé-ìwé girama, mo sì wọ bàtà jẹ lẹ́nu rírìn tọ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé lọ. Ní December 31, 2020, Adobe pa Flash tì, gbogbo iṣẹ́ náà sì kú pẹ̀lú ẹ̀. Èkejì jẹ́ fáìlì HTML kan ṣoṣo, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, orí fóònù ló ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ ń fi Xender gbé e fúnra wọn. Nínú ẹ̀, jígí mẹ́ta lo máa yí, àmì dúdú á hàn lórí táàpù, bíi ti Ṣómólú gẹ́lẹ́. Ilé-ìwé kankan ò san kọ́bọ̀ lórí ẹ̀ títí di òní. Ẹni tó ń kó ẹ̀rọ wọlé láti Ṣáínà ló sanwó, kí àwọn oníbàárà ẹ̀ má baà máa ba túùbù jẹ́.

Bí bàbá rẹ bá fẹ́ àpẹẹrẹ tó tóbi, sọ ìtàn Carl Wieman, onímọ̀ físíìsì, fún un. Lésà ló fi mú átọ́ọ̀mù tutù ní Boulder, ní Amẹ́ríkà, òun àti Eric Cornell pẹ̀lú Wolfgang Ketterle sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2001. Lọ́dún 2002 ló dá PhET sílẹ̀, àwọn eré físíìsì orí kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri ayé. Àmọ́ jẹ́ kí bàbá kíyè sí èyí tó ṣáájú.

Nínú náírà mẹ́wàá tó wọlé fún mi lésìí, mẹ́fà jẹ́ ti àtúnṣe, mẹ́ta ti sọ́fítíwià àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan péré ni ti fídíò. Síbẹ̀, fídíò ni ọ̀pọ̀ oníbàárà fi mọ̀ mí.

Ohun méjì tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Ìdérí akirílíìkì tó wà lára ẹ̀rọ CO2 máa ń gbé iná ẹ̀ mì. Lésà fáíbà tí wọ́n fi ń fín irin, nanomita 1,064, á gba inú akirílíìkì kan náà kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, ẹ̀yìn ẹyinjú ló sì ń lọ tààrà. Má lo ààbò ti ọ̀kan fún èkejì. Àti pé níbi ìgbéyàwó tí o ti ń yàwòrán, bí àwọn DJ bá tan lésà àríyá, yí kámẹ́rà kúrò lójú ẹ̀. Mo ní kámẹ́rà kan nílé tí ìlà funfun kan kì í kúrò nínú gbogbo àwòrán tó bá yà.

Ní ìsinmi tó ń bọ̀, wá ṣọ́ọ̀bù kan tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti dúró, kí o bẹ ọ̀gá pé o fẹ́ ràn án lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Mú táàpù bébà dání. Má gbé kámẹ́rà lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ o, wọ́n á rò pé agbowó-orí ni ẹ́.