Èsì: Ológbò tó ń pa eku tí kò jẹ ẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ológbò yín ń pa eku sílẹ̀ láìjẹ ẹ́, ó sì tún ń gbé ẹyẹ wọlé, ẹ wá béèrè bóyá kẹ́ ẹ dín oúnjẹ rẹ̀ kù. Rárá, ẹ má dín in kù. Ọdẹ ṣíṣe rẹ̀ kò so mọ́ ebi nìkan. Bó yó dé ọrùn, tí nǹkan kékeré bá ti sáré kọjá, á fò mọ́ ọn.

Ẹ tún wo imú ẹran tó pa náà. Bó bá gùn ṣóńṣó, tó sì ń rùn, asín ni, kì í ṣe eku. Ológbò á pa asín, àmọ́ ṣàṣà ni èyí tó máa jẹ ẹ́. Tèmi, nílé wa lẹ́yìn ọjà Ìgbọ̀nà níbí l'Óṣogbo, to mẹ́ta kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan bí ẹni ń pàtẹ!

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin tàbí ará ilé kejì bá ń lo oògùn eku, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Eku tó ti jẹ májèlé lè ṣekú pa ológbò tó bá jẹ ẹ́. Ẹ kó oògùn náà kúrò, kẹ́ ẹ sì bá aládùúgbò sọ̀rọ̀.

Òkú eku ńkọ́?

1. Ẹ má fọwọ́ lásán gbé e, nítorí ibà Lassa. Ẹ ki ọwọ́ bọ ọ̀rá.
2. Ẹ dì í pinpin, kẹ́ ẹ sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí tó ní ìdérí.
3. Ẹ fi Hypo nu ojú ibẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ.

Ti ẹyẹ tí ẹ ní ó ń gbé wọlé, ẹ máa tì í mọ́lé láfẹ̀mọ́júmọ́ àti nírọ̀lẹ́. Ìgbà yẹn ló ń ṣọdẹ jù.