Ẹ Bi Ìyá Tíṣà: Ta ni abàmì nínú Beowulf?

*Ìyá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì, ó sì máa ń ka ìtàn Beowulf fún mi tá a bá ń ká aṣọ nírọ̀lẹ́. Ó ní olùkọ́ àwọn sọ pé ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀, aglæca, tí wọ́n fi pe Grendel tó ń pa èèyàn jẹ, tí wọ́n sì tún fi pe Beowulf fúnra rẹ̀, akọni tó ni ìtàn náà. Àmọ́ nínú ìwé ọwọ́ ọmọ mi, ànjọ̀nú ni wọ́n pe ọ̀kan, akọni ni wọ́n pe èkejì. Ṣé olùtumọ̀ ò rẹ́ wa jẹ báyìí? Ṣé kí n ra ìwé mìíràn fún un? – Ìyá Aláṣọ*

Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ọjà o. Beowulf yìí ni mo fi yọ àwọn ọmọ kíláàsì mi lẹ́nu ní Oǹdó níbí títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ ò sì mọ bí inú mi ṣe dùn tó pé ẹnì kan ń kà á láàárín aṣọ.

Ewì ni, ìlà rẹ̀ jẹ́ 3,182. Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, èyí tí òyìnbó òde òní fúnra rẹ̀ ò lè gbọ́ àfi tó bá kọ́ ọ. Ẹ̀dà àfọwọ́kọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù láyé, wọ́n dà á kọ ní nǹkan bí ọdún 1000, iná jó o létí ní 1731, ó wà ní British Library ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí àgbàlagbà kankan tá a lè bi pé kí ni aglæca. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà jókòó sí nìkan la lè wò.

Ó pọ̀ lára Grendel, ẹni tó ń wọ gbọ̀ngàn ọba Hrothgar lóru, tó ń fa àwọn tó sùn ya, tó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn. Dírágónì tó ń ṣọ́ ìṣúra, èyí tí Beowulf bá jà lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, òun náà ń jẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni Sigemund, akọni tó pa dírágónì mìíràn, tí akéwì ń kọrin yìn ín, òun náà aglæca ni ní ìlà 893. Ẹ wá lọ sí ìlà 2592. Beowulf ti darúgbó, idà rẹ̀ ti já a kulẹ̀, iná dírágónì ti ká a mọ́. Akéwì ní kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn aglæca náà tún fi kojú ara wọn. Àwọn, ẹ gbọ́ o! Akọni àti dírágónì, orúkọ kan ṣoṣo ló fi kó àwọn méjèèjì.

Klaeber, ọmọ Jámánì tó ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Minnesota, ló tẹ ewì náà jáde ní 1922 pẹ̀lú àlàyé ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìwé. Ibẹ̀ ló ti la ọ̀rọ̀ náà sí méjì: ànjọ̀nú fún Grendel àti dírágónì, akọni fún àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ olùtumọ̀ gba ọ̀nà yẹn. Àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà ní Toronto kò là á: alátakò tó ń dẹ́rù bani, oníjà líle, ni wọ́n pè é. Tiwọn ni mo fara mọ́, nítorí Bede. Ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn tó ń kọ̀wé ni Bede, ó kú ní 735, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Síbẹ̀, nígbà tí Byrhtferth, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn bíi tirẹ̀, ń yìn ín ní nǹkan bí ọdún 1011, olùkọ́ tó jẹ́ æglæca ló pè é, ọ̀rọ̀ wa yẹn kan náà. Ṣé ànjọ̀nú lẹ máa túmọ̀ ìyẹn sí?

Àwa tá à ń kí ọba ní “Ikú Bàbá Yèyé”, kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa. Tèmi, abàmì ni mo máa ń lò. Wọ́n pe Fela ní Abàmì Ẹ̀dá, ohun tó ń ké lórí ìrókò lóru náà, abàmì ni, kò sì sẹ́ni tó ní ọ̀rọ̀ yẹn takora.

Nítorí náà, olùtumọ̀ yẹn ò rẹ́ yín jẹ. Ẹjọ́ ló dá kí ẹ tó dé kóòtù. Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ìyá Grendel. Aglæcwif ni akéwì pè é ní ìlà 1259, abàmì obìnrin, Klaeber sì sọ ọ́ di ẹhànnà obìnrin. Àmọ́ ides ló ṣáájú ọ̀rọ̀ náà gan-an, ìyáàfin pàtàkì, ohun tí akéwì yìí kan náà pe Wealhtheow, olorì Hrothgar, tó ń gbé ife fún àlejò. Wọ́n pa Grendel, ọmọ rẹ̀, ló fi wá gbẹ̀san. Ẹ̀yin náà bímọ, Ìyá Aláṣọ.

Ní ti ìwé, èyí tó ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ lápá òsì, tòde òní lápá ọ̀tún, ni kó wá. Kó kọ́kọ́ wo ilé ìkàwé yunifásítì wọn ná kẹ́ ẹ tó náwó, torí irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń wọ́n.