Táyà Ńlá Tó Ń Ha Ara Píkọ́ọ̀pù: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Táyà 265/70R17 ló wà lẹ́sẹ̀ píkọ́ọ̀pù mi tẹ́lẹ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí 285/70R17, mo sì ra rímù tuntun tí wọ́n tẹ ET 0 sí lára (ET ni iye mílímítà tí ojú ibi tí rímù ti kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi jìnnà sí àárín fífẹ̀ rímù). ET 30 ni ti àtijọ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti yí sítíárì dé òpin, táyà iwájú á máa ha nǹkan lápá ẹ̀yìn, ó sì máa ń le sí i bí mo bá tẹ bíréèkì. Wọ́n ní kí n gbé ọkọ̀ sókè. Ṣé ìyẹn á yanjú ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó lórí gbígbé ọkọ̀ sókè. Táyà tuntun yín fi mílímítà 28 ga ju ti àtijọ́ lọ. Ìdajì rẹ̀, ìyẹn 14, ló fi sún mọ́ ohun tó wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún fi mílímítà 20 fẹ̀ jù ú lọ, 10 sínú, 10 síta. Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni, kì bá má fi bẹ́ẹ̀ le. Rímù yẹn ló dá kún un. Láti ET 30 bọ́ sí ET 0, gbogbo táyà ti fi mílímítà 30 jáde síta, ó ti jìnnà sí ojú ibi tó ń yí lé, àyè tó ń gbà nígbà tí ẹ bá ń kọrí sí ọ̀tún tàbí òsì sì ti pọ̀ sí i. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sókè, àyè á ṣí lábẹ́ máàdìgáàdì nígbà tí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ já sí kòtò kan, kí sípíríǹgì sún kì, ibi tí táyà ń dé tẹ́lẹ̀ náà ni yóò tún dé.

Ẹ kọ́kọ́ wá ojú ibi tó ti ń ha gan-an. Ẹ fọ inú máàdìgáàdì, kí ẹ fi ẹfun kun èjìká táyà méjèèjì. Ẹ wa ọkọ̀ jẹ́ẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ yí sítíárì dé òpin lápá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tẹ bíréèkì, lílọ síwájú àti rẹ́fáàsì. Ìdí rẹ̀ ni pé búṣìn ámù, ìyẹn rọ́bà tó wà níbi tí ámù ti so mọ́ ọkọ̀, máa ń rọ̀ díẹ̀: bí ẹ bá ń lọ síwájú tí ẹ tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á sún sẹ́yìn, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní rẹ́fáàsì, á sún sí ọ̀nà bọ́ńpà. Lẹ́yìn náà, ẹ gun ẹsẹ̀ iwájú kan lé orí òkè tó le dáadáa, kí ẹ tún yí i. Kí ẹnikẹ́ni má ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn wà nídìí sítíárì.

Bí ẹfun bá wà lára ike inú máàdìgáàdì nìkan, iṣẹ́ ti rọrùn. Ẹ tú táyà, ẹ yọ kílíìpù ike náà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá wáyà tàbí ọ̀rá omi gíláàsì wà níbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná yọ́ ọ títí yóò fi rọ̀, kí ó má bẹ̀rẹ̀ sí í dán tàbí yọ ìléròrò. Ẹ fi pákó tì í sẹ́yìn, ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀ títí yóò fi tutù pátápátá. Bí ẹ bá tètè jọ̀wọ́ rẹ̀, á padà síbi tó ti wá. Ẹ má lo iná tó ń jó lala.

Bí ó bá jẹ́ etí páànù méjì tí wọ́n fi pọ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, panẹlbítà lè fi òòlù tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ọ̀dà tó bá ṣí níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ọ̀dà adènà-ìpẹtà àti gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí omi wọlé lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí omi táyà ń fọ́n síbẹ̀ kò dáwọ́ dúró.

Irin tí kábíìnì jókòó lé lára ṣáàsí ló le jù. Kí ẹ tó gé e, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe àláínmẹ́ǹtì. Bí bóòtì ámù ìsàlẹ̀ ọkọ̀ yín bá ṣeé yí, kí ó sún ẹsẹ̀ síwájú, kí kásítà, ìyẹn bí ojú ibi tí ẹsẹ̀ ń yí lé ṣe dagun sẹ́yìn, pọ̀ sí i láàárín iye tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fọwọ́ sí, kí ó bára mu lọ́tùn-ún lósì. Mílímítà díẹ̀ péré lè tó. Bí kò bá tó, wẹ́dà tó mọṣẹ́ ni kó gé igun irin náà, kó sì jó irin mìíràn dí ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lásán, agbára rẹ̀ ti dínkù. Kí wọ́n yọ wáyà bátìrì kí wọ́n tó jó o. Bó bá ṣe tèmi ni, rímù tí ET rẹ̀ sún mọ́ ti àtijọ́ ni máa kọ́kọ́ wá.

Ní báyìí ná, ẹ má sáré pẹ̀lú táyà tó ń ha irin. Ike ń jẹ ojú táyà ni, irin ń gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé táyà ńlá máa ń ba aago eré jẹ́?

Ìdáhùn: Kì í bà á jẹ́, ó kàn ń mú un kà á dín ni. Pẹ̀lú ìwọ̀n tó wà lókè yìí, bí aago bá ń ka 100, eré yín ti lé ní 103.

Ìbéèrè: Rímù tó bá ọkọ̀ dé ni mo lò, ṣùgbọ́n táyà tuntun ń ha ámù òkè lápá inú. Ṣé kí n fi sípésà, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sáàárín rímù àti họ́ọ̀bù, sí i?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an ni sípésà wúlò. Èyí tó tín-ín-rín máa ń gba ara bóòtì ẹsẹ̀ ọkọ̀, nítorí náà ẹ ka iye ìgbà tí nọ́ọ̀tì yí kó tó le: bóòtì mílímítà 12 tí àlàfo láàárín eyín rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1.5 gbọ́dọ̀ gbà á yípo 8 ó kéré tán. Bí kò bá pé, ẹ pààrọ̀ bóòtì sí èyí tó gùn, tàbí kí ẹ ra sípésà tó ní bóòtì tirẹ̀. Ihò àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá họ́ọ̀bù mu rẹ́gí. Bóòtì àtijọ́ kò sì gbọdọ̀ yọrí kọjá ojú sípésà, àfi bí rímù bá ní ihò tó gbà á. Ẹ fi súpánà tó ń ka agbára dè é ní ìdàkejì-ìdàkejì, kí ẹ tún un dè lẹ́yìn kìlómítà 80 sí 100. Ti sípésà olóbóòtì, ẹ ní láti tú ẹsẹ̀ kí ẹ tó rí nọ́ọ̀tì inú. Kí ẹ sì tó ra èyí tó nípọn tó mílímítà 25, ẹ wọn àyè tó wà lẹ́yìn táyà nígbà tí sítíárì bá yí dé òpin, torí iye yẹn náà ni táyà yín yóò fi jáde síta.