Hòtẹ́ẹ̀lì kékeré tó ní púùlù àti sípà: ṣé Mùsùlùmí lè gbé ìyàwó rẹ̀ lọ síbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Àsàlámù àléékùmù, Àáfà. Ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́hun. Ìbàdàn ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Oṣù tó ń bọ̀ ni yìgì wa yóò pé ọdún mẹ́wàá. Owó àjọ tí mo kó ni mo fẹ́ fi gbé e lọ sí Èkó, ká lọ sinmi ní hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan tí kò ju yàrá méjìlá lọ. Àárọ̀ Jímọ̀ la fẹ́ kúrò nílé, a ó sì padà láàárọ̀ Àtìní. Wọ́n ní púùlù, wọ́n sì ní sípà tí wọ́n ti ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní ìwẹ̀ Mòrókò. Ó pẹ́ tí ìyàwó mi ti ń wo ìwẹ̀ yìí lórí fóònù rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kan ní mọ́sáláṣí, ó ní ilé àgbèrè ni hòtẹ́ẹ̀lì, ó tún ní obìnrin tó bá bọ́ṣọ níbi tí kì í ṣe ilé ọkọ rẹ̀ ti ya gàgá tó wà láàárín òun àti Ọlọ́hun. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn. Ṣé ká lọ ni, àbí ká jókòó sílé? Tí a bá lọ, báwo la ó ṣe máa kírun? Ṣé a lè wọ púùlù? Ṣé ìyàwó mi lè ṣe ìwẹ̀ yẹn? Ibùsùn tí a ò mọ ẹni tó sùn sí i lánàá ńkọ́?

ÌDÁHÙN

Wàáléékùmù sàlámù wàráhàmátúláì wàbàrákátù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad. Ẹ kú oríire ọdún mẹ́wàá o.

Ẹ lọ. Èmi ò rí ohun tó ní kí ẹ má lọ. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ pe onílé náà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Nínú gbogbo ohun tí ẹ bi mí, yàrá kọ́ ló lè dá ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀bá púùlù àti inú sípà ni. Ẹni tó bá sì ti sanwó tán, ẹnu rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n yín kò parọ́ tán. Gbogbo wa la mọ àwọn ilé kan nílẹ̀ wa tó ń gba àlejò ní wákàtí-wákàtí, tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè ẹni tí ẹ mú wá. Irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ má sùn níbẹ̀, ì báà jẹ́ ìyàwó yìgì lẹ mú dání. Ṣùgbọ́n ilé tí àlejò ń wọ̀ sí ti wà láyé kí a tó bí baba ńlá wa. Nínú Súrátù-n-Núúr, lẹ́yìn tí Ọlọ́hun ti ní ká má wọ ilé onílé láìgbàṣẹ, Ó sọ ní ẹsẹ 29 pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún wa láti wọ àwọn ilé tí kì í ṣe ibùgbé ẹnikẹ́ni, tí àǹfààní wa wà níbẹ̀. Mujāhid àti Qatādah, àwọn onímọ̀ ìtumọ̀ Kùránì àtijọ́, wà lára àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ sí àwọn ilé tí arìnrìn-àjò ń wọ̀ sí lójú ọ̀nà. Kí lẹ rò pé hòtẹ́ẹ̀lì jẹ́?

Ti ahọ́n àwọn èèyàn, ẹ̀kọ́ wà níbi tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti ń sin ìyàwó rẹ̀ Ṣafiyyah lọ sílé lóru. Àwọn Anṣārí méjì (àwọn ará Mẹdínà tó gba Ànábì sọ́dọ̀) rí wọn, wọ́n sì yára ẹsẹ̀. Ànábì dá wọn dúró, ó ní kí wọ́n rọra, Ṣafiyyah ọmọ Ḥuyayy nìyí. Bukhārī àti Muslim, àwọn tó kó hádíìsì (ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì) jọ, ló gbà á wá. Bí Ànábì bá lè ṣàlàyé ara rẹ̀, ta ni èmi àti ẹ̀yin? Ẹ jẹ́ kí àwọn ará ilé mọ ibi tí ẹ ń lọ, orúkọ yín gan-an ni kí ẹ kọ sínú ìwé àlejò, kí ẹ má sì máa yọ́ wọlé bí ẹni tó jalè.

Hádíìsì tí ẹ̀gbọ́n yín fi dẹ́rù bà yín nípa obìnrin tó bọ́ṣọ, ó wà lóòótọ́. Abū Dāwūd àti Tirmidhī gbà á wá. Àwọn obìnrin kan láti Ḥimṣ nílẹ̀ Ṣáàmù (Síríà) wá kí ìyá wa Āʾiṣah, ìyàwó Ànábì. Ó bi wọ́n bóyá àwọn ni wọ́n wá láti ìlú tí obìnrin ti ń wọ ilé ìwẹ̀ ìta, ó wá sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu Ànábì nípa obìnrin tó bọ́ṣọ níbi tí kì í ṣe ilé ọkọ rẹ̀. Ilé ìwẹ̀ tí èrò ti ń wẹ̀ pọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé títú ara sílẹ̀ níwájú ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i ni wọ́n kọ̀, kì í ṣe ká pààrọ̀ aṣọ nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, obìnrin tó lọ kí ìyá rẹ̀ lábúlé kò ní lè wẹ̀ títí tí yóò fi padà! Yàrá tí ẹ fowó yín gbà, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ilé yín ni títí di àárọ̀ Àtìní.

Ti ibùsùn kò gùn. Mímọ́ ni ìpìlẹ̀ ohun gbogbo títí tí a ó fi rí ẹ̀gbin níbẹ̀ pẹ̀lú ojú wa, iyèméjì kì í sì í lé ìdánilójú lọ. Bí aṣọ ibùsùn bá fọ̀, ẹ sùn. Ẹ tẹ́ ẹní ìkírun yín sílẹ̀, ẹ kírun.

Ìrun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Lọ́nà Ìmáàmù Mālik, tí ọ̀pọ̀ nínú wa nílẹ̀ Yorùbá ń tọ̀, ìrìn tó bá tó nǹkan bíi kìlómítà 80 ni a ń torí rẹ̀ dín ìrun kù. Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn jẹ́ kìlómítà 127 àti díẹ̀, nítorí náà arìnrìn-àjò ni yín. Bí ẹ bá ti kọjá ilé tó gbẹ̀yìn ní Ìbàdàn, Ayílà, Alàásárì àti Ìṣáì di rákà méjì-méjì. Mọ̀gàríbì kò yí padà, Àsùbáà náà kò yí padà. Ẹni tó bá pinnu láti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko níbì kan ni yóò máa kí i pé. Tiyín kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ máa dín in kù títí tí ẹ ó fi délé. Bí ẹ bá kí i lẹ́yìn ìmáàmù tó jẹ́ onílùú, ẹ tẹ̀ lé e, ẹ kí i pé. Pípa ìrun méjì pọ̀, ojú ọ̀nà ni mo fẹ́ ẹ fún yín. Bí ẹ bá ti gúnlẹ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ kí ìkọ̀ọ̀kan lásìkò rẹ̀. Ìlà oòrùn tó yà díẹ̀ sí àríwá ni a ń kọjú sí láti Èkó, fóònù yín yóò sì fi hàn yín.

Ohun kan wà tí ẹ ò béèrè: àárọ̀ Jímọ̀ tí ẹ fẹ́ fi gbéra. Lọ́nà Mālik, kò wuyì kí ẹni tí ìrun Jímọ̀ di dandan fún kúrò nílùú lẹ́yìn Àsùbáà ọjọ́ náà, tí oòrùn bá sì ti yẹ̀ àtàrí, ó ti di èèwọ̀. Ẹ lọ nírọ̀lẹ́ Àlàmísì bí yàrá bá wà, ọjọ́ mẹ́rin gbáko kò ní pé síbẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ wá mọ́sáláṣí kan tí ẹ ó ti bá wọn kí i ní Èkó. Ẹ sì mọ ohun tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń fojú èèyàn rí lójú ọ̀nà yẹn o.

Ó wá ku púùlù. Ìlúwẹ̀ẹ́ kò léèwọ̀. An-Nasāʾī gba hádíìsì kan wá pé eré lásán ni gbogbo ohun tí kò sí ìrántí Ọlọ́hun nínú rẹ̀, àfi mẹ́rin: kéèyàn máa rìn láàárín àmì méjì níbi ìtafà, kó máa kọ́ ẹṣin rẹ̀, kó máa bá ìyàwó rẹ̀ ṣeré, kó sì kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Méjì nínú mẹ́rin yìí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní Èkó.

Ara tí a ń tú sílẹ̀ níbẹ̀ ni wàhálà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin ọkùnrin ni màá sì ti bẹ̀rẹ̀, torí pé bí wọ́n bá ti dárúkọ púùlù, ìyàwó nìkan lẹ máa ń rántí. Láti ìdodo dé orúnkún yín gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ aṣọ. Ìyẹn pátá kúkúrú tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí, ẹ fi sílẹ̀ nílé. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé Anas, sàábé Ànábì, ròyìn pé aṣọ ṣí kúrò ní itan Ànábì lọ́jọ́ ogun Khaybar. Bukhārī mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ti Anas lágbára jù ní ìgbàwá, ṣùgbọ́n hádíìsì Jarhad, tó ní itan wà lára ohun tí a ń bò, ni ìṣọ́ra wà nínú rẹ̀. Ìṣọ́ra yẹn náà ni mo yàn fún yín. Bí àwọn obìnrin mìíràn bá sì wà nínú omi ní ìhòòhò-díẹ̀-aṣọ-díẹ̀, ẹ̀yin gan-an kò níṣẹ́ níbẹ̀, nítorí Núúr ẹsẹ 30 ti bá ojú àwa ọkùnrin sọ̀rọ̀ kó tó kan àwọn obìnrin ní ẹsẹ 31.

Ìyàwó yín kò gbọdọ̀ wọ omi níbi tí ọkùnrin àjèjì wà, kódà pẹ̀lú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó bò ó látòkè délẹ̀. Aṣọ tó bò ó ní gbígbẹ kì í bò ó mọ́ bí ó bá ti rin. Àwọn Àáfà kan gbà á láyè, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ fún yín.

Ibí yìí ni kíkéré ilé náà ti wúlò. Ilé ńlá tó ní igba yàrá kò lè ti púùlù nítorí ẹnì kan. Onílé yàrá méjìlá lè ṣe é. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ púùlù fún wákàtí kan lẹ́yìn Àsùbáà, kí ẹnikẹ́ni má bá yín níbẹ̀, títí kan ọmọkùnrin tó ń gbọ̀n ewé kúrò lójú omi. Agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, àwọn tó jó mọ́jú Sátidé ṣì ń hanrun. Ẹ béèrè bóyá kámẹ́rà ń wo ibẹ̀, àti bóyá fèrèsé yàrá òkè kọjú sí i. Bí fèrèsé bá kọjú sí i, kí ìyàwó yín wọ aṣọ tó bò ó. Bí ibẹ̀ bá pamọ́ pátápátá, ẹ jọ wọ inú omi, ẹ jọ ṣeré. Āʾiṣah ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun àti Ànábì jọ ń wẹ̀ láti inú igbá omi kan.

Bí ìwẹ̀ jánábà (ìwẹ̀ dandan lẹ́yìn ìbálòpọ̀) bá wọ̀ yín, ẹ má gbára lé púùlù. Lọ́nà Mālik, kéèyàn kó sómi kò tó: àníyàn gbọ́dọ̀ wà, a sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ ra gbogbo ara. Ẹ wẹ̀ nínú yàrá yín.

Ní ti sípà, orúkọ ló jẹ́ tuntun. Ìwẹ̀ Mòrókò yìí ni hamáámù tí àwọn hádíìsì ń sọ: yàrá olóoru, ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi òróró ólífì ṣe, àti ìbọ̀wọ́ líle tí wọ́n fi ń ha ara bí kànìnkànìn wa. Jābir gbà á wá lọ́dọ̀ Ànábì pé ẹni tó gba Ọlọ́hun àti ọjọ́ ìkẹyìn gbọ́ kò gbọdọ̀ wọ hamáámù láìró aṣọ. Àwọn ará Mòrókò, tí wọ́n ń tọ ọ̀nà Mālik bíi tiwa, kì í da ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ nínú hamáámù àdúgbò wọn. Bí kò bá jẹ́ ilé ọ̀tọ̀, yóò jẹ́ wákàtí ọ̀tọ̀. Ẹni tó gbé ìwẹ̀ náà dé Èkó rántí ọṣẹ, ó rántí ìbọ̀wọ́, ó gbàgbé ilẹ̀kùn méjì.

Nítorí náà, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí yóò wẹ ìyàwó yín. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, tí ilẹ̀kùn tì, tí aṣọ wà lára ìyàwó yín láti ìdodo dé orúnkún tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kan ibẹ̀, ó lè ṣe é. Ẹ béèrè obìnrin Mùsùlùmí, torí àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí ìwọ̀n tí Mùsùlùmí obìnrin lè ṣí sílẹ̀ fún obìnrin tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Èkó kò ṣaláìní wọn. Kí fóònù má sì wọ yàrá yẹn, ti òṣìṣẹ́ pàápàá, nítorí àwọn sípà míì fẹ́ràn kí wọ́n máa ya fídíò oníbàárà fi polówó ọjà.

Màsáàjì ẹlẹ́ni-méjì tí wọ́n máa ń tà fún tọkọtaya, ẹ má gbà á. Nínú yàrá kan ṣoṣo, bí òṣìṣẹ́ méjèèjì bá jẹ́ obìnrin, ọ̀kan ń fọwọ́ kan yín. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin, ó ń wo ìyàwó yín. Ẹ ra òróró lọ, ẹ fi ra ẹ̀yìn ara yín ní yàrá yín. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni, ẹ̀san sì wà níbẹ̀.

Kí ẹ tó dé, ẹ ní kí wọ́n kó ọtí kúrò nínú fíríìjì yàrá. Wọn ò ní bínú. Hádíìsì Jābir kan náà kọ̀ fún wa láti jókòó síbi tábìlì tí wọ́n ti ń gbé ọtí yípo, torí náà ẹ ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá bá yín bí ilé oúnjẹ wọn bá rí bẹ́ẹ̀. Owó yàrá tí ẹ san kì í ṣe owó ọtí. Ànábì fi ẹ̀wù irin rẹ̀ dógò lọ́dọ̀ Júù kan nítorí ọkà báálì, a ò sì gbọ́ pé ó bi í léèrè ohun mìíràn tó ń tà. Bí ère gbígbẹ́ bá wà níwájú yín nínú yàrá, ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ tàbí kí ẹ ní kí wọ́n gbé e jáde.

Inú mi dùn pé owó àjọ ni. Ẹni tó ń yá owó èlé lórí fóònù láti lọ sinmi, ìdáhùn mi fún un yàtọ̀.

Ọṣẹ kékeré àti bàtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fún yín, ẹ lè kó wọn lọ sílé. Táwẹ̀lì funfun yẹn, tiwọn ni.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.