Ọmọ àgbọ̀nrín tó dá wà nínú koríko

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti àwọn ọmọ mi lọ rìn ní Deer Grove, ọ̀kan lára àwọn igbó tí Káúńtì Cook ń tọ́jú nítòsí Chicago. A rí ọmọ àgbọ̀nrín kan tó ká kò sínú koríko lẹ́bàá ọ̀nà. Kò sá, kò ké, a kò sì rí ìyá rẹ̀ ní gbogbo àkókò tí a fi dúró tì í. Àwọn ọmọ mi ń sunkún pé kí a gbé e lọ sílé kí ebi má baà pa á. A fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ǹjẹ́ ohun tí a ṣe tọ́? Èmi ni, bàbá ọlọ́mọ, Chicago.

ÌDÁHÙN: Ó tọ́, bàbá, ẹ sì fi ọkàn yín balẹ̀. Ìparí oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà ni àgbọ̀nrín onírù funfun máa ń bímọ jù ní Illinois, ìpínlẹ̀ tí Chicago wà. Nítorí pé ọmọ tuntun kò tíì lè sá fún kòyótì (ẹranko apẹran-jẹ tó jọ ajá) tàbí ajá, ìyá a fi í pamọ́ sínú koríko, a sì jìnnà sí i fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ara ọmọ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn, ìyá a sì máa lá a mọ́, a tilẹ̀ máa jẹ ìgbẹ́ rẹ̀, kí òórùn má baà júwe ibi tó wà. Bí ó bá dúró tì í, òun gan-an ni yóò tú ọmọ rẹ̀ fó. Ńṣe ló máa ń yọ́ wá fún un lọ́mú, kì í sì í fẹ́ wá nígbà tó bá ń gbóòórùn ènìyàn nítòsí; nítorí náà, kíákíá ló yẹ kí a kúrò níbẹ̀.

Àìsá rẹ̀ náà ní ìdí. Bí ẹsẹ̀ àjèjì bá sún mọ́ ọn, a tẹ́ ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, a da etí rẹ̀ sẹ́yìn, ìlù ọkàn rẹ̀ pàápàá a sì dínkù, nígbà tí àmì funfun tótòtó tó wà lára rẹ̀ yóò dà pọ̀ mọ́ oòrùn tó ń gba àárín ewé wọlé.

Àwọn kan gbà pé ìyá kì í gba ọmọ tí ọwọ́ ènìyàn bá ti kàn mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: ẹni tó bá ti ṣèèṣì gbé e lè dá a padà sí ojú ibi tó ti gbé e, kódà ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n òfin Illinois kò gbà kí ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ máa sin ẹranko igbó nílé. Wàrà màlúù a máa da inú ọmọ àgbọ̀nrín rú, akọ tí ènìyàn bá sì fọwọ́ tọ́ dàgbà kì í bẹ̀rù ènìyàn mọ́. Tí àsìkò tí akọ ń gun abo bá dé, ó lè fi ìwo ṣe ẹni tó tọ́ ọ léṣe.

Bí ẹ bá rí òkú ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tàbí tí ọmọ ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ìdin wà lára rẹ̀, tàbí tó ń rìn kiri tó ń ké láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ igbó náà tàbí olùtọ́jú ẹranko igbó tó ní ìwé àṣẹ, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ajá tí wọ́n tú sílẹ̀. Ajá kan ṣoṣo tó bá yà kúrò lójú ọ̀nà lè rí ohun tí kòyótì kò rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ń mú ajá lọ síbẹ̀, kí ó má tú okùn ọrùn rẹ̀.