Ìdáhùn sí ìyá àgbà tó béèrè bí a ṣe ń ṣe ìrántí ọmọ-ọmọ tí wọ́n lù pa

Ìyá wa tí ẹ kọ̀wé láti Lafiaji, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ní ọmọ-ọmọ yín obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, kú nílé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó tí bàbá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́. Pé ọdún kan máa tó pé. Pé bàbá àgbà ti kó gbogbo àwòrán ọmọ náà pamọ́ nítorí ó ní Yorùbá kì í ṣe ìrántí ọmọ kékeré. Ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó tọ́ kí ẹ ṣe ìrántí náà, àti ohun tí ẹ máa sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ yín báyìí. Bàbá àgbà lèmi náà. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ṣe ní Ṣómólú títí mo fi fi í lé àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lọ́wọ́, ọkùnrin tí ọmọ mi obìnrin lọ ń bá gbé lẹ́yìn tí ìgbéyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ tú ká ló sì lu ọmọ-ọmọ mi pa.

Ẹ ṣe ìrántí náà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é ní ọjọ́ tó kú. Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni kí ẹ ṣe é. Ọjọ́ ikú rẹ̀ ti wà nínú fáìlì ọlọ́pàá, ó wà nínú ìwé ẹ̀sùn, àwọn agbẹjọ́rò sì máa pè é ní kóòtù títí yóò fi sú yín láti gbọ́. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ nìkan ni kò sí ẹlòmíràn tó ní ìpín nínú rẹ̀.

Òótọ́ ni bàbá sọ pé àṣà wa kì í jẹ́ kí òbí tẹ̀lé òkú ọmọ dé ibi sàréè, a kì í sì í náwó òkú ọ̀fọ̀. Mi ò bú àṣà náà, nítorí àánú òbí ló mú kí àwọn bàbá wa ṣe é bẹ́ẹ̀. Ibà, ìgbóná àti irú àìsàn tí kò sí ẹni tó lè dá a dúró ni wọ́n ń rò nígbà náà. Wọn kò ṣe é kí ẹni tó fi bẹ́líìtì na ọmọ títí ẹ̀mí fi bọ́ lè jókòó nílé rẹ̀ kí gbogbo ẹbí sì panu mọ́. Nígbà tí ọ̀fọ̀ náà ṣẹ̀ wá, àwọn tó wá kí wa ń sọ fún ọmọ mi pé omi ló dànù, agbè ò fọ́, pé yóò bí òmíràn. Mo mọ̀ pé ìtùnú ni wọ́n fi ṣe, síbẹ̀ ìyàwó mi dìde kúrò láàárín wọn, nítorí kò sí ọmọ mìíràn tó lè jẹ́ ọmọ yìí. Èyí tó burú jù ni ti àgbàlagbà kan nínú ẹbí ọkùnrin náà, tó dúró níwájú ọlọ́pàá tó ní àbíkú ni ọmọ náà, pé ó ti máa lọ tẹ́lẹ̀. Ìyá wa, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ̀rọ̀ àbíkú wá síwájú yín, ẹ dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹbí bá gbà lẹ́nu níbẹ̀ máa ń tẹ̀lé ẹjọ́ náà kiri.

Ẹ kò béèrè nípa àwọn ọjọ́ tó wà láàárín ikú àti ìsìnkú, ṣùgbọ́n mo ní láti sọ ọ́, nítorí ẹlòmíràn tó ń ka èyí lè wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn kékeré kan ni wọ́n gbé ọmọ náà lọ. Dókítà tó rí i kọ̀ láti kọ ìwé ikú fún wa, ó sì bá èmi àti ìyàwó mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwa la lù ú. Kíkọ̀ tó kọ̀ yẹn tọ̀nà, nítorí òfin ìwádìí ikú (Coroner) tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2007 sọ pé ikú tó bá ti ọwọ́ ìwà ipá wá, tàbí tó bá mú ìfura dání, gbọ́dọ̀ dé etí adájọ́ tí òfin yàn láti wádìí rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ òkú náà wò. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni pé kò sọ èyí fún wa rárá. Ó kàn ní ká gbé òkú wa lọ ní tésàn ni. Ní tésàn náà, ọlọ́pàá tó wà ní káńtà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó wò wá, ó ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, pé ká lọ parí rẹ̀ nílé. Nígbà tí mo kọ̀ láti kúrò níbẹ̀, ó ní ká mú owó epo wá kí wọ́n tó lè gbé mọ́tò lọ síbi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹbí ọkùnrin náà ti kó àwọn àgbà jọ síta kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ń bẹ̀ wá pé ká jẹ́ kí wọ́n sin ọmọ náà kíá, pé ọmọdé kì í sùn nílé ìgbókùúsí, pé orí àtẹ̀gùn ló ti ré bọ́. Ìdí tí wọ́n fi ń kánjú yé mi nígbà tó yá: bí wọ́n bá ti sin ín, àṣẹ kóòtù nìkan ló tún lè hú u jáde. Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ níwájú ọkọ̀ tí òkú náà wà nínú rẹ̀, kò sì dìde títí ọ̀gá kan fi jáde wá tó gba ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni èsì àyẹ̀wò òkú jáde. Dókítà tó ṣe é ka èsì náà fún wa bí ẹni ń ka àkọsílẹ̀ ọjà, kò gbójú sókè wò wá, ó sì ń lo àwọn ọ̀rọ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni nínú wa títí ọmọkùnrin mi fi bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́ ní èdè tó máa yé ìyá òun. Ohun tó sọ nìyí: egungun ìhà ọmọ náà ti kán nígbà kan rí, ó sì ti ń jinná kí wọ́n tó tún lù ú, àpá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́ kan, àwọn kan ti gbó, àwọn kan ṣì tutù. Ọmọ tó ré bọ́ lórí àtẹ̀gùn kì í ní ọgbẹ́ tí ọjọ́ orí wọn yàtọ̀ síra wọn. Bí ó ṣe sọ ọ́ tán ni ìyàwó mi rántí ọjọ́ Ìsinmi kan tí ọmọ náà wá kí wa, tó fi ọwọ́ gbé e lábẹ́ apá, tí ọmọ náà sì ké, tí wọ́n sọ fún wa pé ó ṣubú ní ilé ìwé ni. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ-ọmọ, bí ọmọ kékeré bá ń ké nígbà tí ẹ bá gbé e lábẹ́ apá, tàbí tó bá ń wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn nínú oòrùn Èkó, ẹ bọ́ aṣọ náà wò, kí ẹ má sì dúró gba àlàyé ẹnikẹ́ni. DSVA, àjọ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin ọdún 2021 gbé kalẹ̀ láti gbógun ti ìwà ipá abẹ́lé, ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́, 08000 333 333. Bí ewu bá ti dé lójú ẹsẹ̀, 112 tàbí 767 ni kí ẹ pè.

Ìyókù ẹ̀yin náà ti mọ̀: ẹjọ́ ìpànìyàn máa ń dé Panti ní Yaba, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀ràn ńlá, fáìlì á lọ sí ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ní Alausa, kóòtù á tẹ̀lé e. Ẹ ṣáà máa gba ẹ̀dà gbogbo ìwé. Kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n mú yín fọwọ́ sí ìwé kankan pé ẹbí ti parí ọ̀rọ̀, nítorí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ló ń pe ẹjọ́ ìpànìyàn, ẹbí kò ní àṣẹ láti fà á sẹ́yìn. Pásítọ̀ wa wá bẹ̀ wá pé ká dárí jì í. Ìyẹn wà láàárín èmi àti Ọlọ́run mi, kò kan kóòtù.

Ní ti bí a ṣe ń ṣe é, ohun tí àwa ń ṣe ni mo lè sọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ìyàwó mi á jókòó síbi tó máa ń jókòó sí láti di irun fún un, á sì ki oríkì rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, sókè, kí àwọn ará ilé gbọ́. A máa ń se ẹ̀wà, a máa ń dín dòdò, nítorí ohun tó fẹ́ràn nìyẹn, a sì máa ń bu ún fún gbogbo ọmọ àdúgbò. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ìkéde òkú ni mo tẹ̀ ní Ṣómólú, gbólóhùn kan náà ló sì máa ń wà nínú wọn: Ọlọ́run fi fún wa, Ọlọ́run sì gbà á. Nígbà tó kan ti ọmọ-ọmọ mi, mi ò tẹ gbólóhùn yẹn. Ewé kan ṣoṣo ni mo tẹ̀: orúkọ rẹ̀, oríkì rẹ̀, ọjọ́ tí a bí i, àwòrán tó ti ń rẹ́rìn-ín, àti pé wọ́n gbẹ̀mí rẹ̀ nínú ilé tó yẹ kí wọ́n ti dáàbò bò ó. Àwọn kan nínú ẹbí ní ó le jù. Mo ní Ọlọ́run kọ́ ló lù ú, mi ò sì ní fi iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn sọ́rùn Rẹ̀ kí ìwé lè dùn ún kà. Ìyá wa, bí ẹ bá máa ṣe ìrántí yìí, ẹ ṣe é pẹ̀lú òótọ́ tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ má gbé àwòrán ọgbẹ́ rẹ̀ sí WhatsApp tàbí Facebook, kí ẹ má sì jẹ́ kí àwọn oníròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé fóònù kiri wọ yàrá yín. Wọ́n wá sí tiwa. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń fi ojú ọmọ tó ti kú yẹn wá òǹwòran.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ló ṣì wà láàyè tó nílò yín jù. Ẹ má sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ rin ìrìn àjò tàbí pé ó sùn, nítorí ó wà nínú ilé náà, ó ṣeé ṣe kó mọ̀ ju yín lọ. Ẹ sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ ti kú, pé wọ́n lù ú, pé kì í ṣe ẹ̀bi òun, pé kò sí ẹni tó máa lù ú bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Bí ó bá fẹ́ bá yín pín ẹ̀wà ní ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kó pín in. Bí kò bá fẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ ní kóòtù. Òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 gbà kí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 14 sọ tẹnu rẹ̀ láìbúra, adájọ́ sì máa ń tètè mọ ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà fi sí ọmọdé lẹ́nu. DSVA náà máa ń ṣètò ẹni tí yóò gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn. Bí ẹ bá fẹ́ kó máa gbé lọ́dọ̀ yín lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni wá gbà á padà, ẹ gba ilé ẹjọ́ ẹbí lọ lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2007, kí ẹ gba àṣẹ tí wọ́n kọ sílẹ̀, nítorí ìlérí ẹnu lásán kò tó.

Ní ti bàbá tó kó àwòrán pamọ́, ẹ má bá a jà. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó yọ ọ̀kan péré jáde fún ọjọ́ ìbí náà, èyí tó bá wu òun fúnra rẹ̀. Kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà gbogbo ìyókù sí ọ̀dọ̀ ọmọ yín mìíràn kó tó di pé omi tàbí ikán ba wọ́n jẹ́, pàápàá àwọn tí ọjọ́ tí a yà wọ́n bá wà lára wọn, nítorí agbẹjọ́rò ìjọba lè béèrè bí ara ọmọ náà ṣe rí kó tó lọ gbé ní ilé yẹn.