Wáyà tí wọ́n ní kó padà sẹ́yìn yẹn, ẹ yọ ọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo wà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Yàrá méjì ni, kọ̀ǹpútà 12, switch 3, ìyẹn àpótí tí wáyà àwọn kọ̀ǹpútà ń pàdé sí. Ẹni tó bá wa fa wáyà so switch kìíní mọ́ èkejì, èkejì mọ́ ẹ̀kẹta, ó tún fa wáyà láti ẹ̀kẹta padà sí èkíní, ó ní kó lè di òrùka, pé tí wáyà kan bá já, ọ̀nà kejì á wà. Látìgbà yẹn gbogbo ẹ̀ kàn ń dúró gbagidi ni. Ó ní íńtánẹ́ẹ̀tì wa ni ò lágbára, ká ra èyí tó jù ú lọ. Nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to wáyà, star, ring (òrùka yẹn), bus àti mesh, èwo ló dáa jù?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ náà, tíṣà wa. Ẹ má tíì ra íńtánẹ́ẹ̀tì kankan o! Ẹ lọ síbi switch kẹta, ẹ fa wáyà tó padà sí èkíní yẹn yọ, ẹ pa switch mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kẹ́ ẹ tún wọn tàn. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò lè búra, àmọ́ bẹ́ ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yìí, òrùka yẹn ló ń dà yín láàmú.

Tí kọ̀ǹpútà kan bá fẹ́ bá prínta sọ̀rọ̀ tí ò sì tíì mọ ibi tó wà, ńṣe ló máa ké sí gbogbo ilé pé ta ló ń jẹ́ báyìí? Switch tó bá gbọ́ igbe yẹn á gbé e gba gbogbo ihò ara ẹ̀ jáde, àfi ihò tó gbà wọlé. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, kò ṣẹ̀ rárá. Tí ọ̀nà bá lópin, igbe á dé òpin, ó parí. Àmọ́ nínú òrùka, igbe yẹn á ti èkíní lọ sí èkejì, á dé ẹ̀kẹta, á padà sí èkíní, èkíní á rò pé igbe tuntun ni, á tún gbé e jáde, bẹ́ẹ̀ ni ìkejì ẹ̀ ń gba apá ọ̀hún bọ̀ lákòókò kan náà. Ọ̀rọ̀ tó ń rìn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní iye kan lára, TTL ni wọ́n ń pè é, ó ń dín bó ṣe ń kọjá router kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ tó ń darí ọ̀rọ̀ láti nẹ́tíwọ̀kì kan sí òmíràn, tó bá di òdo wọ́n á dà á nù. Ethernet, ìlànà tí ọ̀rọ̀ fi ń gba wáyà láàárín switch sí switch, ò ní irú ẹ̀. Igbe ò kú, ó kàn ń pọ̀ sí i ni, ká tó ṣẹ́jú pẹ́ wáyà ti kún. Ẹ wo àwọn iná wẹ́wẹ́ tó wà níwájú switch yín, wọ́n á máa ṣẹ́jú pọ̀ láìsinmi, kódà tẹ́nikẹ́ni ò bá fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Broadcast storm nìyẹn. Kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ lè rà tó máa wò ó sàn.

Inú ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, torí wọ́n ń gbowó òrùka lọ́wọ́ èèyàn ní Àjàṣẹ́ níbí náà, wọ́n tún ń gbowó lé e pé kí wọ́n pààrọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ring wà lóòótọ́. Token Ring ti IBM láyé 1980 síwájú, àmọ́ nínú ìyẹn kọ̀ǹpútà tí token, àmì àṣẹ tó ń yí ká, bá dé ọwọ́ ẹ̀ nìkan ló lè sọ̀rọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà ń fi fibre, wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀, ṣe òrùka dòní, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó mọ̀ pé òrùka lòun wà. Ní 1985, Radia Perlman, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ṣe ètò kan, Spanning Tree, tó máa ń dí ọ̀nà kan pa títí dìgbà tí èkejì bá já. Switch olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í sábà ní in. Tí tiyín bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní managed, téèyàn lè yí ètò inú ẹ̀ padà, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n sì tan ètò yẹn, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn.

Star ni kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ fi switch kan sáàárín, kí méjì yòókù já sí i lára tààrà, kí wáyà kankan má ju mítà 100 lọ. Wáyà kọ̀ǹpútà kan bá já, kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló máa jókòó. Òótọ́ ni pé tí switch àárín bá kú, gbogbo ẹ̀ kú, torí náà ẹ ra ọ̀kan sílẹ̀ ní àfikún, ó sàn ju òrùka lọ. Bus ti lọ, wáyà kan ṣoṣo tó gba ẹ̀yìn gbogbo kọ̀ǹpútà kọjá, ibi kan bá ṣí, gbogbo ilé dákẹ́. Mesh tí gbogbo wọn á so mọ́ ara wọn, fún kọ̀ǹpútà 12 wáyà 66 ni, ta ló fẹ́ fa ìyẹn?

Tí yàrá méjèèjì ò bá sí lábẹ́ òrùlé kan, ẹ má fa wáyà bàbà gba ìta o. Àrá lè gba ibẹ̀ wọlé jó gbogbo ẹ̀rọ yín, fibre ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì pe ẹni tó máa fojú ara ẹ̀ rí ibẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì yọ wáyà yẹn tó ṣì ń dúró, ẹ yọ wáyà kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan títí iná á fi rọlẹ̀, kẹ́ ẹ kọ èyí tó jẹ́ sí mi.